Fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì nìkan ti tó

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣírò lórí nǹkan tó ń lo iná mànàmáná, tẹ́ ẹ bá ti mọ fólítéèjì (bí ohun tó ń ti iná lọ ṣe le tó, volt la fi ń wọ̀n ọ́n) àti kọ́rẹ́ǹtì (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, amp la fi ń wọ̀n ọ́n), iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ fi kọ́rẹ́ǹtì pín fólítéèjì, resistance nìyẹn (bí nǹkan náà ṣe ń dènà iná tó, ohm la fi ń wọ̀n ọ́n), ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, power nìyẹn (bó ṣe ń yára jẹ iná tó, watt la fi ń wọ̀n ọ́n). Ká ní gílóòbù onífílámẹ́ǹtì kan (èyí tí wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀ máa ń gbóná kó tó tàn) ń fa 2 amp lórí bátìrì 12 volt, 6 ohm ni, 24 watt ló sì ń jẹ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé o: tẹ́ ẹ bá pa á kó tutù, tẹ́ ẹ wá fi mítà wọn ohm ẹ̀, ẹ ò ní rí 6 yẹn, ó máa kéré sí i dáadáa, torí bí fílámẹ́ǹtì yẹn bá ṣe ń gbóná ni resistance ẹ̀ ń lọ sókè, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí n wọn fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì nígbà tó ṣì ń tàn.