Tí ẹ bá ti ọ̀nà Iléṣà wọ Àkúrẹ́, aago eré ni kí ẹ wò

Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni mo ń ná pẹ̀lú ọkọ̀ èrò, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí: dírẹ́bà tó bá eré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò gbọdọ̀ gba ohun tí ara rẹ̀ bá sọ fún un gbọ́ nígbà tó bá wọ ìlú.

Ẹ̀yin awakọ̀ náà á ti kíyè sí i. Téèyàn bá ti sá kìlómítà 90 ní wákàtí kan fún ìgbà díẹ̀, tó wá dín in kù sí 70, ńṣe ló máa dà bíi pé ọkọ̀ ń rákò. Ó dà bí ẹni tó kúrò nínú oòrùn wọ yàrá: yàrá ò ṣókùnkùn, ojú rẹ̀ ni kò tíì balẹ̀. Dírẹ́bà á gbà tọkàntọkàn pé òun ti ń rọra, bẹ́ẹ̀ 70 ṣì wà lójú aago tó ń fi eré ọkọ̀ hàn. Irú ipò yẹn ló sì máa wà tó bá dé Nọ́ọ̀tì Géètì FUTA, ìyẹn ẹnu ọ̀nà yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Àkúrẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sọdá, ọlọ́kadà ń yí padà láìwẹ̀yìn, àwọn tó ń tajà wà létí títì. Inú ìlú nìyẹn, bí títì ibẹ̀ tilẹ̀ fẹ̀.

Òfin ìrìnnà fún ọkọ̀ èrò láyè kìlómítà 90 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni ní 100. Nínú ìlú, 50 ni fún àwa méjèèjì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń rò pé wọ́n fi ìyẹn ni wá lára ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 50 ń lọ bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń sá 80 ń lọ mítà 22. Láti ìgbà tójú bá rí ọmọ tó já sójú títì títí ẹsẹ̀ á fi tẹ bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ. Lẹ́yìn náà ni bíréèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, tí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ máa lọ kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí òjò bá wá rọ̀, á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí la ń jèrè níbẹ̀? Kìlómítà mẹ́rin nínú ìlú kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹni tó ń sá 50. Ẹni tó ń sá 80 á lo mẹ́ta. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ọjà Ọba á gba èyí tó jèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe Àkúrẹ́ nìkan ni títì ńlá ti gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, tírélà kan já wọ àárín àwọn èèyàn níwájú yunifásítì Àkùngbá Àkókó, ó sì pa nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó kan ilé àkọ́kọ́ ni mo ti ń wo aago, màá sì fi jíà fà á wálẹ̀, n kì í kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tòtù, ìyẹn ohun tá a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, lásán. Màá tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i ní géètì.

Ẹ̀yin èrò, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó tó di pé ẹ̀rù bà yín: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, a ti wọ ìlú o." Èmi kì í bínú sí i. Tí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ lójú yín, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, owó kì í lọ lórí rẹ̀.