Mo pé àádọ́ta ọdún, mo wá jókòó ti ìwé owó mi

Lálẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni mo kó gbogbo ìwé sórí bẹ́ẹ̀dì: ìwé báǹkì, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ilẹ̀, káàdì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Wọ́n ti mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà wọ́n. Ọdọọdún ni mo máa ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní nìkan ni mo máa ń kà: ilé kan, ilẹ̀ kan, owó báyìí báyìí. Tí mo bá ti kà á tán, inú mi á dùn, màá pa ìwé dé. Lọ́dún 2025 yìí, ìbéèrè mìíràn ni mo bi ara mi: nígbà tí n kò bá lè dúró ní wọ́ọ̀dù mọ́, kí ni yóò máa wọlé lóṣooṣù?

Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni mo pé ẹni àádọ́ta ọdún. Lára ohun tí mo rí gbà lọ́sẹ̀ yẹn ni lẹ́tà àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì mi, pé wọ́n ń gbé mi kúrò nínú àpò owó tí wọ́n ń pè ní Fund II bọ́ sí Fund III. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti 2018 nìyẹn. Ẹni tí kò tíì pé 50, wọ́n lè fi owó rẹ̀ ra ìpín ìdókòwò nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dáadáa. Ẹni tó bá ti pé 50, wọ́n á dín ìyẹn kù, bọ́ǹdì ìjọba (owó tí èèyàn yá ìjọba, tí ìjọba ń san èlé lé lórí) ni wọ́n á fi èyí tó pọ̀ rà, torí tí ọjà ìpín bá ṣubú, ọdún tó máa fi dúró dè é kó dìde kò pọ̀ mọ́. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Àfi bíi pé wọ́n rọra gbé àga fún mi: ìyá, ẹ jókòó.

Owó tó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦5,900,000. Ó dùn ún gbọ́ létí. Mo wá fi ₦250,000 tí mò ń ná lóṣù pín in: oṣù mẹ́tàlélógún, ó lé díẹ̀. Kò pé ọdún méjì! Èmi tí mo ti ń sọ fún ara mi pé mo ti tò ó dáadáa.

Ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Òfin 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kó sì san án láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tó bá ti sanwó oṣù. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ l'Ékòó yọ tèmi fún oṣù mẹ́rìnlá, wọn ò san kọ́bọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀bi mi ni pé n kì í wo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Bí ó bá ti wọlé sórí fóònù, màá fi ìka tì í kúrò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí wọn, wọn ò dáhùn. Nínú èkejì, mo fi ọ̀wọ̀ rán wọn létí pé òfin kan náà sọ pé owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 lóṣooṣù lórí gbèsè náà. Wọ́n ti san ti oṣù márùn-ún. Ó ku mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ ilé wá kù. Àwa Ìjẹ̀bú, ilé ni ìfẹ̀yìntì wa. Mo kọ́ oníyàrá mẹ́rin sí Mọbalúfọ̀n, mo jẹ gbèsè nítorí rẹ̀, mo sì fi ṣe yangàn. Ẹ rìn ní àdúgbò yẹn lọ́jọ́ lásán kí ẹ wo bí àgádágodo ṣe pọ̀ tó lẹ́nu géètì. Àwọn onílé wà l'Ékòó, tó bá di Iléyá ni wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á gbá eruku. Ta ni yóò wá háyà nínú wọn? Láti ọdún mẹ́ta, ilé mi ò tíì pa náírà kan, èmi ni mò ń sanwó fún ẹni tó ń ro koríko ibẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá mi, tó ti ń ta gaàrí ní Òkè-Àjẹ kí wọ́n tó bí mi, ó wò mí títí.

"Àjọkẹ́, ṣé ìwé lo wá fẹ́ máa jẹ lọ́jọ́ alẹ́?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ilé tiyín ńkọ́, ṣé wọ́n ń san rẹ́ǹtì?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìwé tí Màmá ń sọ ni FGN Savings Bond, bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀, tí mo fi ₦200,000 rà ní oṣù kejì. Ẹni tó bá ní ₦5,000 lè bẹ̀rẹ̀. Èlé rẹ̀ nígbà náà lé ní ìdá 17, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san án, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án sì ń wọlé fún mi láì gbọ́ ìró abẹ́rẹ́. Àmọ́ kí n má tan ara mi. Wọ́n ní tí ẹ bá fi èlé pín 72, iye ọdún tí owó á fi di ìlọ́po méjì lẹ ó rí, bí ẹ bá ń dá èlé náà padà sínú rẹ̀: ìdá 18, ọdún mẹ́rin. Ọjà náà mọ ìṣirò yẹn. Ní oṣù kejìlá 2024, NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ní iye owó ọjà fi ìdá 34.8 ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Tó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọdún méjì lé díẹ̀ ni owó gaàrí á fi di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ohun tó wà nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ mi jáde, mo fi oṣù mẹ́ta ìnáwó sílẹ̀ nítorí àìsàn. Mo tún ní kí ibi iṣẹ́ máa yọ ₦15,000 sí i lóṣooṣù sínú owó ìfẹ̀yìntì mi. (Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ètò ìdókòwò kan tí wọ́n ní ó ń san ìdá 30 lóṣù wá fún mi. Mo ti fi ₦150,000 kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ní 2016, mi ò padà sí kíláàsì.)

Ojúde Ọba gba ₦310,000 lọ́wọ́ mi: aṣọ régbérégbé wa, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀, owó oúnjẹ. Ó ju bọ́ǹdì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ọ́ sí àṣìṣe ọdún. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ojúde Ọba tó kẹ́yìn láyé Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ wa, ni. Wọ́n ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wàjà. Kò sí èlé tó máa dá ọjọ́ yẹn padà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ èésú fún un lọ́tọ̀, ₦20,000 lóṣù, kó má tún wọ inú owó mìíràn.

Bíríkìlà ń bọ̀ ní Mọbalúfọ̀n ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní. Yàrá méjì tó kọjú sí títì, ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kó sọ wọ́n dà. Aránṣọ kan ti sọ pé òun á gba ọ̀kan.

Lánàá ni Màmá pè mí wọ yàrá. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n ka ₦50,000 sí mi lọ́wọ́, pé kí n bá àwọn ra ìwé ìjọba yẹn, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.