Páànù lọ, Alhaja gbé iná wá

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́. Ọwọ́ ń ro mí, ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí mo mọ ara mi, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá ti sọ ọ́ di ẹ̀rí dídùn tí wọ́n ń jẹ́ níwájú ìjọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì dùn báyìí o.

Alẹ́ Túsìdeè ni òjò yẹn rọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ bí àkọ́rọ̀ òjò ṣe máa ń ṣe, ooru á ti fẹ́ pa èèyàn láti ọ̀sán, ojú ọ̀run á wá ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, ìjì ló sì máa kọ́kọ́ dé kí omi tó tẹ̀ lé e. A ti wà nílé ní Gáà Àkàǹbí, mò ń pariwo pé kí àwọn ìbejì ti fèrèsé, ni mo gbọ́ tí páànù kan ń han gooro lójú títì, mo tún ní háà, ti ta nìyẹn báyìí?

Tèmi ni.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ kejì, ìdajì òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ti lọ tòun ti pákó, síìlì ti já lulẹ̀ lé máṣìnnì lórí, máṣìnnì wífìn tí mo fi ń ká etí aṣọ kó má baà tú, tí mi ò tíì san gbèsè rẹ̀ tán, omi ti wọ mọ́tò ẹ̀. Búbá àti ìró mẹ́sàn-án tí àwọn ẹbí ìyàwó kan fẹ́ wọ̀ ní Sátidé yìí gan-an, léèsì olówó ńlá, gbogbo ẹ̀ ń kán tótó. Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi jókòó sílẹ̀ ni ìwé ìwọ̀n mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ ìwọ̀n kọ́sítọ́mà sínú ìwé yẹn, igbáyà, ìdí, gígùn apá, èjìká, pẹ̀lú àwọn àkíyèsí mi, pé ẹni yìí kì í fẹ́ kó fún un lápá, ẹni yìí máa ń sọ pé òun fẹ́ tínrín kó tó wá, má gbọ́ tiẹ̀. Bírò ti yọ́ mọ́ra, ewé ìwé ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ewé mọ́ínmọ́ín. Máṣìnnì ṣeé tún ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe ẹni bí igba pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá kí n tún yín wọ̀n?

Ní àìsùn ọdún tuntun, èmi yìí náà ni mo dìde dúró tí mo ní lọ́dún yìí mo máa gba ṣọ́ọ̀bù kejì sí Tánkẹ̀, mo máa gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta sí i, gbogbo ìjọ ké àmín. Mi ò fi "bí Olúwa bá fẹ́" sí i. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, torí lójú mi nígbà yẹn ẹni tí ìgbàgbọ́ ẹ̀ ń mì ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àbí káfíńtà. Ìlọrin la wà ṣebí, tí káfíńtà bá ti sọ fún ẹ pé "lọ́la, Inṣá Alláhù", kí o yáa wá nǹkan míì ṣe lọ́la.

Iná ti lọ látìgbà tí ìjì dé, kò sí bí mo ṣe fẹ́ lọ aṣọ. Mo kàn jókòó sórí pèpéle, mò ń wo léèsì, léèsì ń wò mí. Alhaja tó ń ta èlò ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò bi mí ní nǹkan kan, ó ní "Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́hun ló mọ̀ ọ́n", ó wọlé, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde, èyí àtijọ́ yẹn tí àkùkọ máa ń wà lórí ìdérí ẹ̀, ó kó èédú sí i ó ń fẹ́ ẹ. A tẹ́ àǹkárá lé léèsì kó má baà jó, ó ń lọ̀ ọ́, mò ń yí i. Títí di ọ̀sán. Kò ta ata bíntín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa náà pè mí. Ó gbàdúrà, ó gùn, mo dúpẹ́. Ó wá ní kí n yẹ ara mi wò dáadáa, ilẹ̀kùn wo ni mo ṣí sílẹ̀ tí ọ̀tá fi ráyè wọlé? Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé mà, òrùlé ni wọ́n gbà wọlé, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, ṣùgbọ́n mo ní ẹ ṣeun mà.

Lálẹ́ àná mo ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 àti 28, ibẹ̀ ni wọ́n dé nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì tí mi ò lè lọ. Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù tipẹ́, ó wà ní orí 15 ìwé náà, pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà kí òun lè fi ayọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn tó bá jẹ́ ìfẹ́ Ọlọ́run. Inṣá Alláhù ni Pọ́ọ̀lù kọ yẹn o, ẹni tí ìgbàgbọ́ ẹ̀ ò mì. Báwo ló wá ṣe dé Róòmù? Ẹlẹ́wọ̀n ni. Ìjì gbé ọkọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò rí oòrùn, wọn ò rí ìràwọ̀, èèyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀, wọ́n da ẹrù sómi, ọkọ̀ sì fọ́ ní erékùṣù Mẹ́lítà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ wẹ̀, àwọn tó kù di pákó mú, wọ́n di àfọ́kù ọkọ̀ mú. Áńgẹ́lì ti sọ fún Pọ́ọ̀lù ṣáájú pé ẹnikẹ́ni ò ní kú, ẹnikẹ́ni ò sì kú. Ọkọ̀ lọ ṣá.

Òjò wá ń rọ̀, òtútù ń mú, àwọn ará erékùṣù yẹn tí wọn ò gbọ́ orúkọ Jésù rí ni wọ́n dáná fún wọn. Nítorí òjò àti òtútù, bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ejò tún bu Pọ́ọ̀lù ṣán nídìí iná yẹn, wọ́n ní háà, apààyàn lọkùnrin yìí, ẹ ò rí i pé ilẹ̀kùn-wo-lo-ṣí ti pẹ́ láyé. (Àwọn tó dáná náà ló sọ ọ́ o. Alhaja tèmi ò sọ ọ́.)

Bàbá mi lọ́hùn-ún ní Ìgbàjà, àgbẹ̀ ni, kò sọ ọ́ rí pé òun máa wa iṣu. "Bí Olúwa bá dá wa sí" ló máa ń sọ, àwa tá a ti wá sí ìgboro á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kan òjò dá lójijì, iṣu ò ju ọwọ́ ọmọdé lọ, ó ṣa èyí tó tóbi jù níbẹ̀ lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè. Nígbà yẹn mo rò pé kò dùn ún ni. Ó dùn ún, mo ti mọ̀ báyìí.

Mi ò ní purọ́, mi ò tíì dúpẹ́ pé páànù lọ. Mo dúpẹ́ pé òru ni, kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan lábẹ́ ẹ̀. Àdúrà tí mo gbà kúrú: Bàbá, èyí ò yé mi, ẹ má lọ o.

Aṣọ mẹ́sàn-án, méje ti gbẹ. Káfíńtà wá ní ìrọ̀lẹ́ òní, ó wọn òkè, ó ní páànù, pákó, ìṣó àti iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́ ₦187,000, ó ní òun máa dé lọ́la ní aago méje, Inṣá Alláhù. Mo ní bí Olúwa bá fẹ́. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ti ń sọ ọ́? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, mo gba nọ́ńbà káfíńtà míì lọ́wọ́ Alhaja.