Opó tí ò jẹ́ kí adájọ́ sinmi

Ẹ̀yin ará Kabba, Mopa, Isanlu, Egbe, ọ̀kun o! Ọ̀rọ̀ opó inú àkàwé tí Jésù ṣe nípa àdúrà nínú Lúùkù 18 yẹn ló wà lọ́kàn mi látàárọ̀. Adájọ́ yẹn ò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ka èèyàn sí, àmọ́ obìnrin náà ń lọ ó ń bọ̀ títí ara fi ni ọkùnrin náà tó ní òun á kúkú dá a láre kó má bàa yọ òun lẹ́nu mọ́. Àwọn kan máa ń wàásù ẹ̀ bíi pé bí adájọ́ yẹn ṣe le náà ni Ọlọ́run ṣe le, èmi ò gbà o, ohun tí Jésù ń sọ ni pé tí ẹni burúkú bá lè dáhùn, áḿbọ̀sì Bàbá tó fẹ́ràn wa. Tá a bá ti gbàdúrà, ká ní sùúrù: ẹni tó gbin iṣu kì í lọ máa hú u wò lójoojúmọ́ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ mọ ara yín). Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹni tí ò rí gbà ò nígbàgbọ́: Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara ẹ̀, wọn ò yọ ọ́, oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un. Èmi ṣì ń gbàdúrà lórí iṣẹ́ àbúrò mi, ìṣọ́ òru Fúráìdè yìí náà mò ń lọ.