Màmá mi rò pé mo ti di dókítà: bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ operations n'Ikorodu

Màmá mi ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo ti di operations manager níbi iṣẹ́, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́, kó tó dìrọ̀lẹ́ gbogbo àdúgbò wa ní Agric ti gbọ́ pé ọmọ wọn ti ń ṣe ọpiréṣọ̀n, àǹtí kan tiẹ̀ wá kanlẹ̀kùn mi lálẹ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ń da ọkọ òun láàmú, ṣé mo lè bá wọn gé e. Ẹ gbà mí o.

Èmi ò la ikùn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kí n wá ibi tó ti ń há, èyí tí kọ̀ǹpútà bá lè dá ṣe nínú ẹ̀ kí n gbé e fún un. Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé báwo ni mo ṣe débẹ̀, ó dáa, ẹ jókòó.

Sítọ̀ fíìdì ẹja ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lọ́nà Odogunyan. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń sin ẹja àrọ̀ gan-an n'Ikorodu níbí, ìjọba Èkó pàápàá ní Fish Farm Estate síbí, torí náà ọjà ń yá. Akọ̀wé ni wọ́n gbà mí fún. Ọ́dà á wọlé lórí WhatsApp, màá kọ ọ́ sí nótúbúùkù, màá tún un tẹ̀ sí Excel, màá wá kọ risíìtì, Bàbá tó ni sítọ̀ á sáìn, màá gbé e lọ fún Bọ̀dá Sítọ̀ lẹ́yìn, òun náà á tún kọ ọ́ sínú nótúbúùkù tiẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo, a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sẹ́ni tó kà á sí wàhálà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọjọ́ Orò ló là mí lójú. Ẹ̀yin ará Ikorodu mọ̀ ọ́n, obìnrin ò gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin ló ṣí sítọ̀. Mo wà nínú ilé, mo tilẹ̀kùn mọ́rí, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti aago méje: Alhaji ti sanwó àbí kò tíì san, àpò mélòó ni ti ará Ijede, níbo lo kọ ọ́ sí, páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́. Iná ò sí. Nígbà tó di aago mọ́kànlá fóònù kú, sítọ̀ náà kú pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n tilẹ̀kùn wọ́n lọlé. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo ní ṣé ẹ rí i pé ẹ ò lè ṣe é láìsí mi, àfi bó ṣe dalẹ́ tí ẹ̀rù wá ń bà mí, torí ẹni tí wọn ò lè ṣe láìsí ẹ̀ ò lè ṣàìsàn, kò lè rìnrìn àjò, wọn ò sì ní gbé e kúrò nídìí ibẹ̀ láéláé.

Mo lọ kọ́ Google Form, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti Sheets tó dà bí Excel, lórí YouTube, dátà òru ni mo fi ń wò ó. Mo ṣe fọ́ọ̀mù, mo so ó mọ́ Sheet kó máa yọ àpò tó bá jáde kúrò nínú sítọ́ọ̀kì, mo rò pé mo ti gbayì. Ọ̀sẹ̀ kejì, Sheet ní àpò ogójì ló kù nínú 2mm, mo dé ẹ̀yìn, mo kà á, méje! Fíìdì ọmọ ẹja yẹn, èmi ń kọ “2mm”, ọmọ tó ń tajà ń kọ “2 mili”, Bọ̀dá Sítọ̀ ń kọ “kékeré”, gbogbo wa mọ ohun tá à ń sọ àmọ́ kọ̀ǹpútà ò mọ̀, lójú tiẹ̀ ọjà mẹ́ta ni. Ìwé wa ti rí jákujàku tẹ́lẹ̀, mo kàn jẹ́ kó máa yára rí jákujàku ni. Mo yọ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kọ ọ́, mo fi dropdown síbẹ̀, 2mm, 4mm, 6mm, 9mm, ẹ mú ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo mú bírò, mo ń tẹ̀ lé bébà kiri bí ẹni ń ṣọ́ olè, mo ń kọ àsìkò tó kúrò níbì kan àti àsìkò tó dé ibòmíì. Kíkọ ọ́dà, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbígbé àpò jáde, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dídúró de Bàbá kí wọ́n sáìn, wákàtí méjì ó lé! Bàbá ti lọ kírun, Bàbá ti lọ báńkì, Bàbá ń jẹun, kọ́sítọ́mà jókòó sórí àpò, ó ń fi páálí fẹ́ ara ẹ̀.

Mo ti kà nípa Taiichi Ohno, ará Japan tó tún ètò iṣẹ́ Toyota ṣe, pé tí nǹkan bá bàjẹ́, kéèyàn bèèrè “kí ló fà á” lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó má dúró síbi ìdáhùn àkọ́kọ́. Kí ló fà á tí risíìtì ń pẹ́? Bàbá ò tíì sáìn. Kí ló fà á tó fi jẹ́ Bàbá nìkan? Bọ̀dá Sítọ̀ bá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tó dé, ọmọ kan kó àpò mẹ́fà jáde lóru, wọn ò rí i mọ́ dòní, látìgbà náà ni Bàbá ti ń sáìn gbogbo nǹkan, títí kan àpò kan ṣoṣo. Mi ò bèèrè ẹ̀kẹta. Mo bẹ Bàbá, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, tí kò bá tó àpò mẹ́wàá, ẹ má wulẹ̀ sáìn, tó bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi “OK” ránṣẹ́ lórí WhatsApp níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi rò ó. Ohun tó sọ wákàtí méjì di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú nìyẹn o, kò sí sọ́fítíwíà kankan nínú ẹ̀.

Áàpù ló wá tẹ̀ lé e. Mo gbìyànjú Zapier, tó ń bá èèyàn gbé iṣẹ́ láti inú áàpù kan sí òmíì, ọ̀fẹ́ ẹ̀ ò ju task 100 lóṣù, ìyẹn iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún tó bá bá ẹ ṣe, tiwa tán kí oṣù tó dé ìdajì, mo fẹ́ sanwó, ọdún 2022 nìyẹn, àwọn báńkì ń ti káàdì náírà mọ́ ọjà òkèèrè. Mo bọ́ sí Google Apps Script, níbi téèyàn ti ń kọ kóòdù fún Sheets àti Gmail, ọ̀fẹ́ ni, mo ń ṣi kóòdù kọ títí ó fi gbọ́ràn. Tí ọ́dà bá wọlé, kọ́sítọ́mà á gba ímeèlì, Bọ̀dá Sítọ̀ á gba, Bàbá á gba. Ohun tí mi ò kà ni pé pẹ̀lú ákáǹtì Gmail lásán, èèyàn 100 péré ni script, ìyẹn kóòdù tí mo kọ yẹn, lè kọ ímeèlì sí lóòjọ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, mẹ́tamẹ́ta, ọ́dà 33 ti jẹ 99. Ọjọ́ tí ọjà bú jáde, láti orí ọ́dà 34 ni gbogbo ẹ̀ ti dákẹ́, ẹ̀wà ni mò ń jẹ tí wọ́n fi ń pè mí ní oníjìbìtì lórí fóònù. Látìgbà náà, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ gbé fún kọ̀ǹpútà, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé tó bá kú, ta ló máa tètè gbọ́.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan tó ń ta ẹyin ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́ níta. Wọn ò bi mí ní sáàtífíkéètì, ìwé ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń tẹ̀ lé bébà ni mo fi hàn wọ́n, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wá rí, ni wọ́n bá ní èló. Mo pe owó kékeré, mo jẹ̀bi ara mi, torí àtilọ àtibọ̀ Ẹ̀pẹ́ jẹ ìdajì ẹ̀, mi ò sì gba kọ́bọ̀ fún títọ́jú ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní báyìí ọ̀tọ̀ lowó ṣíṣe, ọ̀tọ̀ lowó ìtọ́jú, n8n àwọn ará Jámánì, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Zapier, ni mo sì ń lò fún ẹni tó bá lè gbà kó wà lórí server tiẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Bọ̀dá Sítọ̀ kórìíra gbogbo ẹ̀ nígbà náà, ó rò pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun ni, ó ń kọ nótúbúùkù ẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Oṣù tó kọjá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú láti àárọ̀ dọ̀sán, nótúbúùkù yẹn la fi tajà. Mo ti kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́ báyìí, pé tí nẹ́ẹ̀tì bá lọ, ìwé Bọ̀dá Sítọ̀ ni. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí iléeṣẹ́ ra tuntun fún òun, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ le tí wọ́n ń tà ní Sábó, kì í ṣe pẹlẹbẹ tí mo rà lọ́jọ́sí.