Ẹ Fún Un Ní Ipa Ẹlòmíràn Ṣe

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń dun ọmọkùnrin ọdún 15 tó ń bá gbogbo ayé jà, ẹ má bi í. Nyanya níbí, ní Àbújá, ni mo ti ń bá irú wọn ṣeré orí ìtàgé, ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí òbí ti ní apá àwọn ò ká mọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, “Kò sí o” lẹ máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọ̀kan ṣe bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mararaba wọlé lálẹ́, ẹ ó gbọ́rọ̀. Àwọn baba wa kúkú mọ̀ ọ́n: ẹni tó wà nínú ẹ̀kú ń sọ ohun tí ojú lásán ò lè sọ.

Irọ́ ni eré àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe fún yín. Ọmọ kan á mu igbó, á ya wèrè, pásítọ̀ á gbàdúrà, ó parí. Ohun tí wọ́n rò pé àgbà fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ gbàgbé ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí ọ̀kan to àwọn yòókù bí ère, bí ilé kan ṣe máa ń rí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ kan fi ìyá sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí ilé. Ó fi bàbá sórí àga, ó fi fóònù lé e lọ́wọ́. Mo ní ọmọ inú ilé yìí ńkọ́? Ó ní, “Àǹtí, kò tíì wọlé.”

Augusto Boal, ará Bùràsíìlì, ló gbé irú eré yìí kalẹ̀ láwọn ọdún 1970. Tirẹ̀ náà ni eré tí òǹwòran lè dá dúró: bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ lójú agbo, ẹnikẹ́ni lè pariwo “Ó tó!”, kó bọ́ síbẹ̀, kó gba ipò ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà, kó gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn. Ipò ọmọ ni o. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ bàbá, bàbá á di áńgẹ́lì lójú ẹsẹ̀, eré tán.

Orúkọ tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò jẹ́ ni kí ẹ sọ ọmọ inú eré. Pijin, Hausa, Yorùbá, èyí tó bá wá sí wọn lẹ́nu ni kí wọ́n sọ. Kò sí fídíò, bí ìyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń bẹ̀ yín. Bí eré bá parí, kí kálukú pe orúkọ ara rẹ̀ sókè kó tó lọ, kó má baà gbé bàbá burúkú yẹn délé.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù: ẹ má ṣèlérí pé ẹ ó bo gbogbo àṣírí. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń lu ọmọ ní ìlù àlùbolẹ̀, tàbí pé ẹnìkan ń fipá bá a lò pọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eré. Òfin VAPP ọdún 2015, òfin tó ka híhùwà ipá síni léèwọ̀, ti fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ní Àbújá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà. Àwọn kan á tìtorí ẹ̀ kọ̀ láti ṣe ipa kankan. Ẹ gbé ìlù fún wọn, kí wọ́n máa lù fún àwọn yòókù títí yóò fi wù wọ́n láti bọ́ sójú agbo.