Igi Mángòrò Tí Wọ́n Gé Kí Ilé Wa Lè Jọ London

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbúrò mi ọkùnrin fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ń yí fóònù káàkiri iwájú ilé wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Íńtálọ́ọ̀kì pupa ti tẹ́ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn kíṣìnnì. "Àǹtí mi, ẹ wò ó, ilé wa ti di London!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó kí n tó mọ ohun tó ń dà mí láàmú níbẹ̀. Oòrùn ti pọ̀ jù. Wọ́n ti gé igi mángòrò Bàámi.

Owó tí mo fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní kí wọ́n tún iwájú ilé ṣe, n kò mẹ́nu ba igi rárá. Àbúrò mi ní ewé rẹ̀ ń dọ̀tí ilẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ̀kò sí i, àti pé ilé tó bá lajú kì í ní igi níwájú. "Àǹtí, ṣé igi wà ní London tẹ́ ẹ wà yẹn ni?"

Ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù. Ilé gogoro àti afárá ni wọ́n ń rí nínú fíìmù. Ìṣirò kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 fi hàn pé igi tó wà ní London lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí olúkúlùkù ará ìlú. Àwọn igi plane tó wà ní Berkeley Square ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1789, láàárín gbùngbùn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú. Kò sẹ́ni tó gé wọn kó fi ibẹ̀ kọ́lé.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, èmi náà ti fẹ́ gé igi rí. Igi sycamore kan wà lẹ́yìn ilé wa ní gúúsù London níhìn-ín. Ó bo fèrèsé kíṣìnnì débi pé iná ni mo ń tàn lọ́sàn-án gangan, ewé rẹ̀ sì ń dí ojú ọ̀nà omi òrùlé. Nílé, ǹ bá kàn pe agégi, iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Ìyá òyìnbó tó wà nílé kejì ló gbọ́ tí mò ń bá agégi dúnàádúrà, ó sì wá kìlọ̀ fún mi pé òfin ń dáàbò bo àdúgbò wa. Igi tí ìdí rẹ̀ bá ti fẹ̀ ju mílímítà 75 lọ, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní mítà kan ààbọ̀ sókè látilẹ̀, èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìsọ fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Mílímítà 75! Igi tí kò ju apá mi lọ ni wọ́n ń wí.

Mo kọ̀wé, mo ya fọ́tò, mo ya àwòrán ilẹ̀ láti fi ibi tí igi wà hàn. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá. Ó fi téèpù yí igi po, ó gbójú sókè, ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò wọ inú kíṣìnnì wá wo bó ṣe ṣókùnkùn tó. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́tà dé pé wọ́n ti fi òfin de igi náà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ rẹ́ ẹ̀ka, àfi kí n tọrọ àyè, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n sì fi ń gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tó bá gé irú igi bẹ́ẹ̀ láìgbàyè, owó ìtanràn tí kóòtù lè bù fún un kò ní gbèdéke. Nígbà tí wọ́n tún wá gbà pé kí n rẹ́ ẹ̀ka mẹ́rin, ẹyẹ ti kọ́lé sórí ọ̀kan, òfin 1981 ò sì jẹ́ ká tú ilé ẹyẹ. Agégi ní ká dúró di September.

Iṣẹ́ òru ni mo ti dé lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún. Kì í ṣe igi nìkan ni mò ń sunkún sí. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, ẹnìkan á ti gbọ́, á ti ní "kí ló dé, ìyá Tóbi?" Níhìn-ín, lẹ́tà nìkan ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ogójì lórí ìwọ̀n Celsius fún ìgbà àkọ́kọ́. Yàrá òkè ò ṣeé wọ̀. Mo gbé àga lọ sábẹ́ igi náà, ìyá òyìnbó gba orí fẹ́ǹsì béèrè bóyá òun lè wá. A jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọdún kẹfà tí a ti jọ ń gbé nìyẹn, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti kú.

Èmi ò sọ pé òyìnbó kì í ṣìkà sí igi. Ní Sheffield, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 2014 sí 2018, ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ojú pópó ni wọ́n gé, ọlọ́pàá sì mú àwọn ìyá tó ti pé àádọ́rin ọdún nítorí pé wọ́n dúró ti igi. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn dúró, wọ́n pariwo, káńsù sì tọrọ àforíjì nígbẹ̀yìn.

Òkè kan wà ní Honor Oak, ní gúúsù London níhìn-ín, tí wọ́n ń pè ní One Tree Hill. Igi oak ló fún àdúgbò yẹn lórúkọ. Wọ́n ní Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní jókòó sábẹ́ èyí àkọ́kọ́ ní 1602. Ìyẹn ti kú, wọ́n sì gbin òmíràn sípò rẹ̀ lọ́dún 1905, wọ́n fi irin ṣọgbà yí i ká. Àwa náà ní Ìdí-Àràbà, Ìdí-Orò àti Ìdí-Mángòrò l'Ékòó, a ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Ìbàdàn. Ọdún méjì ni mo fi ń wọ dánfó kọjá ní Ìdí-Mángòrò, kò sí mángòrò kankan tí ẹnikẹ́ni nawọ́ sí hàn mí pé òun nìyí.

Màámi ní íńtálọ́ọ̀kì náà ń gbóná lọ́sàn-án bí agbada. Ilé aládùúgbò ló ń lọ jókòó sí báyìí, lábẹ́ dongoyárò wọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní bí mo bá wà nílé ni, wọn kì bá tí gé e. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà nílé, ta ni ì bá sanwó ọsibítù Bàámi fún odidi ọdún mẹ́ta? Iṣẹ́ òru yìí náà ló san án. Mo ṣì ń sọ ọ́ fún ara mi nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, pé lílọ mi kì í ṣe àṣìṣe.

Màámi ti gbin kóró kan láti ara èso tó kẹ́yìn sínú garawa ọ̀dà. Ewé rẹ̀ ti yọ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo ti sọ fún àbúrò mi kó hú íńtálọ́ọ̀kì ojú ibi tí igi náà wà, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì níbùú lóròó. Ó ní sìmẹ́ǹtì ti mú un mọ́lẹ̀. Mo ní kó pe ẹni tó tẹ́ ẹ padà, màá sanwó rẹ̀.